Ohùn Tí A Rán Sínú Irin

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nígbà náà, ó ṣòro fún mi láti ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Màmá mi máa ń sọ fún àwọn ará ìjọ wa pé iṣẹ́ irin ni ọmọ òun ń ṣe, wọ́n á sì wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni ń wá òòlù lára mi. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ohùn ni mò ń rán wọ inú irin. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Opebi ló gbà mí lẹ́yìn tí mo jáde ní pọlí. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Ìkẹjà àti Agége ló máa ń pè wá pé ká wá yẹ páìpù, táǹkì àti bọ́ílà wọn wò, bóyá inú wọn ṣì yè. Ojú kò lè rí inú irin, ènìyàn kò sì lè là á wò bí ẹni la obì. Ohùn la máa ń rán wọlé. Bí ohùn náà bá kan ibi tó ti sán, á ta padà, ẹ̀rọ á sì fi í hàn bí òkè ṣóńṣó kan lórí ìlà aláwọ̀ ewé tó wà lójú rẹ̀. Bí kò bá kan nǹkan kan, ìlà náà á tẹ́ lọ gbọọrọ.

Ayé ológun ni, SAP, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, sì ti ṣe wá bí ọṣẹ ṣe ń ṣe ojú. Ohun tí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ rà láti òkè òkun, ì báà ṣe bẹ́líìtì, ì báà ṣe skúrù lásán, dọ́là ni wọn yóò kọ́kọ́ wá, dọ́là náà kò sì sí. Lójú ọ̀nà mọ́tò Agége, mo mọ ilé iṣẹ́ tí èrò ti máa ń tú jáde nírọ̀lẹ́ bí ẹni tú oyin, tí koríko ti ń hù lẹ́nu géètì rẹ̀ báyìí. Àwọn tó kù ń fi wáyà so ẹ̀rọ wọn pọ̀, wọ́n sì ń gbàdúrà.

Nínú ilé tí mò ń gbé ní Agége, àwa méjì péré la ṣì ń gba owó oṣù: èmi, àti obìnrin kan tí yàrá rẹ̀ dojú kọ tèmi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó jù mí lọ dáadáa, Àǹtí ni mò ń pè é. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan tí kò jìnnà sí wa ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló máa ń yẹ aṣọ wò bóyá àbàwọ́n wà lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti pa á láró tán. Ọkọ rẹ̀ ti jókòó sílé láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ táyà tó ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ Àǹtí nìkan sì ni gbogbo ọmọ wọn ń wò. Bí òjò bá ṣú tí mi ò sí nílé, òun ló máa ń bá mi ká aṣọ lórí okùn. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, òun ló ń po ẹ̀kọ fún mi.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá mi sọ fún mi ní Ọjọ́bọ̀ kan pé ilé iṣẹ́ aṣọ yẹn gan-an ni mo máa lọ, pé kí n lọ yẹ bọ́ílà wọn wò, ńṣe ni inú mi dùn. Mo sọ fún Àǹtí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Jímọ̀, kí n tó lọ. Ó ní, "Ilé wa lò ń bọ̀ yẹn. Fojú rere wò ó fún wa o."

Bọ́ílà náà wà ní ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń paṣọ láró. Ó tóbi ju yàrá mi lọ, ó sì nà gbalaja lórí ẹsẹ̀ irin. Òun ló ń pèsè ooru tí wọ́n fi ń se aró, tí wọ́n sì fi ń gbẹ aṣọ. Bí kò bá sí òun, kò sí aṣọ. Wọ́n ti pa iná rẹ̀ láti fọ inú rẹ̀, ọjọ́ Ajé ni wọ́n sì fẹ́ tún un dá. Bàbá àgbàlagbà kan, Mùsùlùmí, ará Ọ̀yọ́, ló ń dáná rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé bọ́ílà náà dé ni Bàbá ti wà nídìí rẹ̀. Wọ́n tẹ́ àpò fún mi kí n lè kúnlẹ̀, wọ́n sì bá mi di wáyà ẹ̀rọ mú.

Mo fi gíríìsì pa ojú irin, mo gbé próòbù lé e, mo sì ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀. Próòbù ni ohun kékeré tí ohùn ń gbà jáde, kò ju ìdérí ìgò lọ. Ìlà tẹ́ lọ gbọọrọ títí mo fi dé ìsàlẹ̀, nítòsí ẹsẹ̀ bọ́ílà. Níbẹ̀ ni ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kò dìde, kò sì tẹ́. Mo fà á padà, mo tún fà á lọ, ó tún gbọ̀n ní ojú kan náà.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí gbígbọ̀n yẹn fi kọ mí lóminú. Ohùn tí àwa ń lò kì í ṣe èyí tí etí lè gbọ́. Próòbù kan ṣoṣo tó kù fún wa nígbà náà ń gbọ̀n nígbà mílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó ṣe ń gbọ̀n ni ohùn rẹ̀ ń bá inú irin lọ ní ìgbì-ìgbì, àyè tó sì wà láti orí ìgbì kan dé orí èkejì là ń pè ní gígùn ìgbì. Kò sí ẹni tó lè na rúlà sí i nínú irin, àmọ́ ìṣirò rẹ̀ kò le. Eré tí ohùn ń sá nínú irin ni wàá mú, wàá fi iye ìgbà tó ń gbọ̀n pín in. Ohùn tí a bá rán wọlé ní ìdàgẹ̀rẹ̀, bí a ti ń ṣe sí ojú ìjórin, ń sá ẹgbẹ̀rún mẹ́ta mítà àti díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Fi mílíọ̀nù kan pín in, ìgbì kan gùn tó mìlímítà mẹ́ta àti díẹ̀. Irin ló ni eré yẹn, ìwọ kò lè yí i padà. Bí o bá fẹ́ kí ìgbì kúrú, àfi kí gbígbọ̀n rẹ̀ pọ̀ sí i. Ìgbì tó gùn kì í ka ohun kékeré sí. Bí ibi tó sán bá kéré gan-an sí ìdajì gígùn rẹ̀, á kàn rọ́ kọjá lára rẹ̀, kò ní padà wá jíṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Tẹ́lẹ̀, a ní próòbù mìíràn tó ń gbọ̀n nígbà mílíọ̀nù mẹ́rin, tí ìgbì tirẹ̀ kò tó mìlímítà kan. Ó ti bàjẹ́, a kò sì rí dọ́là ra òmíràn.

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ aṣọ náà wọlé. Ẹnjiníà ni, ọkùnrin gíga tí kì í dúró sójú kan.

"Ṣé ó ti parí?"

"Ó ku díẹ̀, sà. Ibì kan wà níhìn-ín tí ọkàn mi kò balẹ̀ sí."

"Ẹ̀rọ rẹ rí nǹkan níbẹ̀ àbí kò rí i?"

"Kò rí i, sà. Ṣùgbọ́n próòbù yìí kò lè rí ohun tó bá kéré ju..."

"Nígbà tí kò rí i, kò sí níbẹ̀ nìyẹn. Kọ̀wé rẹ. Ọjọ́ Ajé la máa dáná."

Ó ti yíjú padà kí n tó dìde. Mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́. Bàbá sìn mí dé ẹnu géètì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rọra wí pé, "Ọmọ mi, jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wá nǹkan jù, á rí ohun tí kò fẹ́ rí."

Ọjọ́ kejì, Sátidé, mo lọ bá ọ̀gá mi ní Opebi. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, owó tó jẹ́ ti ìyàwó rẹ̀ ló sì fi dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo gbé irin ìdánwò wa sórí tábìlì. Irin náà ní ihò mẹ́ta tí a mọ̀ọ́mọ̀ lu sí i lára, ńlá, kékeré àti èyí tó kéré jù, a sì mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó. Mo fi próòbù wa wò ó. Ihò ńlá dìde lójú ẹ̀rọ bí òkè. Ihò kékeré fara hàn díẹ̀. Ní ti èyí tó kéré jù, ìlà kàn gbọ̀n.

Mo ní, "Báyìí gan-an ló ṣe lójú mi lánàá."

Ó wo ojú ẹ̀rọ títí. "Mo mọ̀," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n bí a bá pàdánù oníbàárà yìí, mo máa ti ilẹ̀kùn yìí ni. Ṣé o mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Bí o bá lè rí próòbù kan yá kó tó di ọjọ́ Ajé, lọ wò ó. Bí o kò bá rí i, ohun tí ẹ̀rọ rí ni kí o kọ."

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ jáde ní pọlí, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ òfurufú ṣe ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Àwọn náà ń fi ohùn yẹ apá ọkọ̀ wò. Nígbà tí mo débẹ̀, ọkọ̀ òfurufú mẹ́ta jókòó sínú ilé gìrìwò náà, eruku sì ti bò wọ́n, nítorí kò sí ohun èlò láti fi tún wọn ṣe. Ọ̀rẹ́ mi wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó mú próòbù kan nínú dúrọ́ọ̀, ó fi aṣọ ìnujú wé e. Gbígbọ̀n rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin, èyí tí mò ń wá gan-an.

"Bí ó bá sọnù," ni ó wí, "má padà síbí. Èmi náà kò ní sí níbí mọ́."

Mo gbé e sínú àpò pẹ̀lú ẹ̀rọ mi, mo wọ bọ́ọ̀sì. Àsìkò yẹn, bọ́ǹbù ń bú káàkiri Èkó, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó ń ṣe é. Àwọn sójà dá wa dúró kí a tó dé Agége. Wọ́n ní kí gbogbo wa sọ̀kalẹ̀, kí a ṣí ẹrù wa. Nígbà tó kàn mí, sójà náà tú aṣọ ìnujú, ó sì bá irin kékeré kan tí wáyà gùn tàrà lára rẹ̀, ó tún rí ẹ̀rọ tó ní bátìrì. Ó fò sẹ́yìn. Ìbọn rẹ̀ dojú kọ àyà mi.

"Wetin be dis?"

Ọ̀rọ̀ tí mo fi ń ṣàlàyé iṣẹ́ mi láti ọjọ́ yìí sá kúrò lórí mi pátá. Àwọn tí a jọ wọ bọ́ọ̀sì ti sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni pé àrùn ń ṣe mí. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ó dà bí èyí tí dókítà fi ń wo oyún, sà. Èyí tí wọ́n ń gbé lé ikùn, tí wọ́n fi ń rí ọmọ."

Ó tẹjú mọ́ mi. Ó ní kí n gbé e lé ọwọ́ ara mi. Mo gbé e lé e. Ó ní kí n tan ẹ̀rọ náà. Mo tàn án, ìlà aláwọ̀ ewé sì jáde. Ó wò ó, ó bẹ̀rẹ̀, ó sún mọ́ ọn. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, Yorùbá ló sọ, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀.

"Ṣé ó lè sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin?"

"Eléyìí kò lè sọ ọ́, sà. Irin nìkan ló ń wò. Ti ilé ìwòsàn ló lè sọ ọ́."

"Ìyàwó mi ti wọ oṣù kẹjọ," ni ó wí, bí ẹni pé mo bi í. Ó ju aṣọ ìnujú náà sí mi. "Oya, máa lọ."

Nígbà tí mo fi dé ilé iṣẹ́ aṣọ, ìrọ̀lẹ́ ti ń sún mọ́lé. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àfi ọlọ́dẹ ẹnu géètì àti Bàbá tó ń to igi sẹ́nu iná. Mi ò sọ púpọ̀. Mo fi próòbù tuntun náà wo irin ìdánwò lákọ̀ọ́kọ́, ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì yọ kedere. Lẹ́yìn náà mo kúnlẹ̀ ní ìsàlẹ̀ bọ́ílà, mo gbé e lé ibi tí ìlà ti gbọ̀n lánàá.

Ìlà náà dìde gbọnrangandan.

Mo sún ọwọ́ sọ́tùn-ún, ó dìde. Mo sún un sósì, ó dìde. Kì í ṣe ibì kan ṣoṣo ló ti sán. Ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ mi, ó sì fara pamọ́ sínú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìjórin, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo fa ìlà láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo gbójú sókè, Bàbá ti wà lẹ́yìn mi.

"Nu ìlà yẹn nù," ni wọ́n wí.

"Bàbá..."

"Mo ní nù ún nù! Ọmọ ta ni ọ́? Ta ló rán ọ sí wa? Ṣé o mọ iye ènìyàn tó ń jẹun lẹ́nu bọ́ílà yìí? Bí wọ́n bá tì í, wọn ò ní ṣí i mọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é káàkiri nìyẹn. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ tún un ṣe, ó sì di gbére." Wọ́n fi ọwọ́ lu bọ́ílà náà. "Mo ti ń dáná rẹ̀ láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ṣì dúdú. Lánàá ìwọ fúnra rẹ ni o sọ pé o ò rí nǹkan kan."

"Próòbù àná kò lè rí i, Bàbá. Ìgbì rẹ̀ gùn jù."

"Ìgbì wo?"

Mo wá rí i pé adágún omi kan wà lẹ́yìn ilé bọ́ílà, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe, tí omi gbígbóná ti ń tutù. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ orí láàárín rẹ̀. Mo bẹ Bàbá kí wọ́n tẹ̀ lé mi. Mo mú pákó pẹlẹbẹ kan, mo sì ń tì í bọ omi, mo ń fà á sókè, jẹ́jẹ́. Ìgbì jáde, ó fẹ̀, ó jìnnà síra. Mo fi ọwọ́ wọn àyè àárín méjì nínú wọn fún Bàbá, ó ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Ìgbì yìí dé ibi páìpù, ó kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta pákó náà kíákíá. Ìgbì sún mọ́ra, àyè àárín wọn kò ju ìka méjì lọ. Nígbà tó kan páìpù, òrùka kékeré kan ta padà sí wa.

Bàbá gba pákó náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ṣe é jẹ́jẹ́. Wọ́n ṣe é kíákíá. Wọ́n tún ṣe é jẹ́jẹ́. Wọ́n bi mí pé, "Èyí tí o fi wò ó lánàá, èyí tó ń lọ jẹ́jẹ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Tòní yára tó o ní ìlọ́po mẹ́rin."

Wọ́n gbé pákó náà kalẹ̀. Ládánì ń pe ìrun nínú mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ọgbà. Wọ́n lọ ṣe àlùwàlá, mo sì kó ẹ̀rọ mi lọ.

Ọjọ́ Àìkú, mo padà láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo bá Àǹtí ní ẹnu ọ̀nà mi. Kò kí mi.

"Wọ́n ní ìwọ lo fẹ́ ti ilé iṣẹ́ wa pa."

"Àǹtí, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo èèyàn ti gbọ́ lẹ́nu ọlọ́dẹ. Wọ́n ní o wò ó ní ọjọ́ Jímọ̀, kò sí nǹkan kan, o wá lọ gbé ẹ̀rọ mìíràn wá. Kí ni a ṣe fún ọ?"

"Àǹtí, tábìlì tí ẹ ti ń yẹ aṣọ wò, ẹ̀yìn ògiri bọ́ílà yẹn ni ó wà. Ògiri kan péré ló dá yín lágbedeméjì. Bí ó bá bú..."

"Kò tíì bú!" Ó pariwo débi pé ọkọ rẹ̀ yọjú. "Ọdún mélòó ni mo ti ń jókòó síbẹ̀, kò bú! Ebi ni yóò bú mọ́ wa lórí, ìwọ kò sì ní sí níbẹ̀." Ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ilẹ̀kùn yẹn kì í wà ní pípadé lọ́sàn-án.

Mi ò jẹun lọ́jọ́ náà. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Mo rí òkè lójú ẹ̀rọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí ìdọ̀tí tó há sínú ìjórin láti ìbẹ̀rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ohùn ta padà, tí kò sì ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bó bá jẹ́ ìdọ̀tí ni, a jẹ́ pé mo gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọmọ Àǹtí lásán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, èmi àti ọ̀gá mi dé ilé iṣẹ́ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ti kún ẹnu géètì, wọ́n sì ń wò mí. Ẹnìkan tutọ́ sílẹ̀. Àǹtí wà láàárín wọn, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nínú ilé bọ́ílà, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà dúró ti ìlà ṣọ́ọ̀kì mi.

"Ẹ̀rọ ta ni ó fi fa èyí?" Ọ̀gá mi ló kọjú sí, kì í ṣe èmi.

"A yá a ni, sà."

"Ẹ yá a! Ẹ̀rọ tiyín sọ pé ó dára, ẹ lọ yá èyí tó máa sọ pé kò dára. Mo ní aṣọ tí mo gbọ́dọ̀ kó jáde lọ́sẹ̀ yìí. Bàbá, ẹ dáná!"

Bàbá kò mira. Wọ́n dúró nídìí ẹnu iná, ìṣáná wà lọ́wọ́ wọn.

"Bàbá, mo ní ẹ dáná."

"Mo gbọ́, sà," ni Bàbá wí. "Mi ò ní dá a."

Láti ìgbà tí wọ́n ti wà níbẹ̀, ó dájú pé ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu wọn.

"Ẹ jẹ́ ká fi omi wò ó ná," ni wọ́n tún wí. "Omi tútù, láìdáná. Ká kún un dé ẹnu, ká fún un ní agbára ju èyí tó ń lò lọ. Bí kò bá jò, mo máa dá iná náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ sì lè lé ọmọ yìí dànù. Bí omi tútù bá jò, yóò dà sílẹ̀ ni. Ooru kì í dà sílẹ̀, sà, bíbú ló ń bú. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá náà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mo rò pé ohun tó mú kó gbà ni pé ó dá a lójú pé ojú yóò tì mí. "Ẹ ṣe é kíákíá," ni ó wí.

A rọ omi kún un, a ti gbogbo fáàfù pa, Bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ fa pọ́ǹpù. Mo kúnlẹ̀ sídìí ìlà ṣọ́ọ̀kì pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá mi ń ka ibi tí abẹ́rẹ́ géèjì tó ń wọn agbára omi náà dé. Abẹ́rẹ́ náà ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ó dé ibi tí bọ́ílà ti máa ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Mo fi ìka ra irin náà, ó gbẹ.

"Níbo ló wà?" ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ wí lókè orí mi. "Fi ibi tó sán hàn mí."

Òógùn ń kán láti orí imú mi sórí irin, ìgbà méjì ni mo sì rò pé omi ni, tí mo nù ún. Bàbá ń fa pọ́ǹpù, mímí wọn ti ń dún. Abẹ́rẹ́ kọjá ojú ìlà iṣẹ́, ó ń lọ. Kò sí nǹkan kan. Ọ̀gá mi ṣíwọ́ kíkà. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀, mo sì mọ ohun tó ń rò.

"Ó tó," ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ wí. "Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ dáná."

"Ó kù díẹ̀ kó dé ibi tí a sọ, sà," ni Bàbá wí, wọ́n sì tún fà á.

Ó dún bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ta jáde láti àárín ìlà ṣọ́ọ̀kì, ó gbá mi lójú, ó tutù bí yìnyín. Lẹ́yìn náà ni irin náà ya láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, omi sì ń tú jáde ní pẹlẹbẹ bí aṣọ. Abẹ́rẹ́ já wá sílẹ̀. Mo sún sẹ́yìn lórí ìdí mi, mo rẹ gbingbin. Bàbá fi pọ́ǹpù sílẹ̀, wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ tútù náà, wọ́n sì ń sọ "Alhamdulillahi, Alhamdulillahi," kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ dúró títí omi fi wọ bàtà rẹ̀. Kò wò mí. Ó jáde.

Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ariwo lẹ́nu géètì. Wọ́n ti ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa lọ sílé títí wọn yóò fi ránṣẹ́ pè wọ́n.

Ohun tí Bàbá sọ fún mi ní ọjọ́ Sátidé, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọn kò rí owó ra bọ́ílà tuntun. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó gbé àlòkù kan wá láti ilé iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ti tì, èmi ni wọ́n sì pè láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n kò tó ìdajì òṣìṣẹ́ tí wọ́n pè padà. Wọ́n pe Bàbá. Wọn kò pe Àǹtí. Mo dá próòbù padà fún ọ̀rẹ́ mi lódindi, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó kúrò níbẹ̀ rí.

Nínú ilé wa, èmi nìkan ló kù tó ń gbowó oṣù. Kò sí ẹni tó bú mi mọ́, nítorí gbogbo wọn ti gbọ́ bí irin náà ṣe ya. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọ ilé ìdáná, ọ̀rọ̀ á dákẹ́. Òjò rọ sí aṣọ mi lórí okùn.

Àǹtí àti ọkọ rẹ̀ pinnu láti kó lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá, níbi tí àbúrò ọkọ rẹ̀ ti fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù, mo jáde síta, mo gbé ẹ̀gbẹ́ kan lára ibùsùn wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí n gbé e. Àǹtí gbé èkejì. A gbé e dé ìdí ọkọ̀.

"Mo mọ̀ pé o ò purọ́," ni ó wí fún mi níbẹ̀. "Bàbá mú mi dé ibi tí tábìlì mi wà, wọ́n fi ògiri náà hàn mí. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n má bi mí bóyá inú mi dùn."

"Mi ò ní bi yín, Àǹtí."

Mo gbé ọmọ rẹ̀ kékeré tó dúró ti ọkọ̀. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó gòkè sínú ọkọ̀, ó sì na ọwọ́ gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi.